Lẹ́tà Tí Honoré Kò Gbọdọ̀ Kà Fún Ìyá Rẹ̀

                                        Agbo-ilé Yésúfù Àkànjí,
                                        Anagokomé,
                                        Lomé, Togo.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1936.

Thérèse, àbúrò mi tí mo kà kún ọmọ ìyá,

Mo kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Báwo ni ara? Báwo ni orúnkún tí ó máa ń dùn ọ́ ní ìgbà òjò, ní Atakpamé yín tí ó jẹ́ pé òkè ni ènìyàn ń gùn kí ó tó dé ibi omi? Ṣé àlàáfíà ni ìyá rẹ àgbà wà? Ṣé iṣu tuntun ti pọ̀ lọ́jà, àbí àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ná iṣu sísè rẹ bí ẹni pé ilẹ̀ ni o ti ṣà á? Àwa náà wà láyé. Òjò àrọ̀kúrò ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ọ̀sà sì ti kún. Ìdíátù, ìyàwó mi, ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lọ́jà, ẹsẹ̀ kan wà nílé, ẹnu rẹ̀ sì wà níbi gbogbo.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní òfin kan fún kíka ìwé yìí. Innocent tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo fi rán, òun náà ni yóò sì kà á sí ọ létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé Honoré ọmọ rẹ ni ó máa ń ka lẹ́tà fún ọ. Kí ó jókòó tì ọ́, kí ó gbọ́, ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan ìwé náà títí Innocent yóò fi kà á tán. Ìwọ yóò mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ó di ọdún méjì báyìí tí o mú ọmọ náà wá bá mi. O ní ó fẹ́ di Fáda, àti pé àwọn Fáda kò ní gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn àfi bí ó bá mọ èdè Látìn níwọ̀n. O ní láti ìgbà tí ọkọ rẹ, ọ̀rẹ́ mi, ti kú, èmi tí mo ka ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Èkó nìkan ni o lè fi í lé lọ́wọ́. Mo gbà, inú mi sì dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Lèmọ́mù Látìn. Sàká aláṣọ a máa béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo ni n óò fi Látìn kírun. Mo ń ṣe bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n orúkọ náà ń dùn mọ́ mi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o kò ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Nínú èdè Látìn, ọ̀rọ̀ tí ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe kì í dúró lójú kan. Bí èmi ni mo ṣe é, ìdí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Bí ìwọ ni, ó yí padà. Bí ó bá jẹ́ ti àná tàbí ti ọ̀la, ó tún pààrọ̀ aṣọ. Ìdílé mẹ́rin ni àwọn ọ̀rọ̀ náà pín sí, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ilà ojú tirẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ ọ ní láti máa ké e sókè: èmi, ìwọ, òun, àwa, ẹ̀yin, àwọn, títí ahọ́n yóò fi mọ ọ̀nà láìjẹ́ pé orí ń darí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Honoré ṣe ń ké e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ará ilé fi ń bá a gbè é, tí Ìdíátù fi ń fi amo, amas, amat gún fùfú.

Kì í ṣe Látìn nìkan ni mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ pé ní ìdúró ni a ń gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́, ọwọ́ méjèèjì ni a sì fi ń gbà á. Mo kọ́ ọ pé ọmọ tí a tọ́ kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í. Bí ó bá tilẹ̀ rí i, kí ó gbé e mì.

Ìwé Látìn tèmi ti bá ikán lọ láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà ní Lomé. Orí ni mo fi ń kọ́ ọ, nítorí ojú tì mí láti lọ yá ìwé lọ́wọ́ àwọn Fáda. Ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan, Thérèse. Ilà ìdílé kejì ni mo bù fún ìdílé kẹta, ní ti ohun tí ènìyàn yóò ṣe lọ́la. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ó mú ìwé kan wá tí ó yá ní míṣọ̀n. Ó ṣí i sí ojú ewé ìdílé kẹta, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìkọ̀wé ibí yìí kéré lójú mi. Ẹ bá mi kà á.” Ojú ọmọ ogún ọdún, tí ń ka orúkọ ọkọ̀ òkun láti etí omi! Mo mọ ohun tí ó ń ṣe. Èmi kò tilẹ̀ bojú wo ìwé náà. Mo ní, “Ta ni ó kọ́kọ́ jẹ iyọ̀, èmi tàbí ìwé yìí?” Ó ní kí n má bínú. Mo ní kí ó dìde dúró, kí ó ké ti ọ̀la náà bí mo ti kọ́ ọ, ní ogún ìgbà. Ó ké e.

Ó fi ìwé náà sílẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Èmi kò rò pé ó gbàgbé rẹ̀. Mo ṣí i. Honoré ni ó tọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù kí àwọn Fáda gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni n óò tún un ṣe, bí ẹni pé èmi fúnra mi ni mo rí i. Ọ̀la kò dé.

Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n fún mi ní àga níwájú, nítorí Mùsùlùmí tí ó gbọ́ Látìn jẹ́ ohun ìwòran. Mo wọ agbádá funfun. Fáda àgbà ní kí ọmọ náà to ọ̀rọ̀ dicere, tí í ṣe láti sọ, bí ẹni tí yóò sọ ọ́ ní ọ̀la. Ó ní, “Sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Mùsíọ̀ Yésúfù ṣe kọ́ ọ.” Honoré kọ́kọ́ wò mí. Àyè láti sọ èyí tí ó tọ́ ni ó ń tọrọ, Thérèse. Bí mo bá mi orí lásán, ó tó. Mo wo bàtà mi. Ó bá ní, “Dicebo, dicebis, dicebit,” ó kà á délẹ̀. Fáda ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, dicam ni. Ó bi í ní mẹ́ta mìíràn nínú ìdílé kan náà. Ọmọ rẹ kò yí ohùn padà. Fáda wá béèrè bóyá èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Honoré ní, “Rárá o, Fáda. Bàbá kọ́ mi dáadáa. Orí tèmi ni kò gbà á.” Mo jókòó níbẹ̀, mo ń tún agbádá mi ṣe.

Wọ́n ní orí rẹ̀ kò gbé ìwé, kí ó lọ wá iṣẹ́ ọwọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí rẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dúpẹ́ wàhálà tí mo ṣe lórí rẹ̀. Mo súre fún un. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Ìdíátù, ó gbé abọ́ oúnjẹ mi kúrò níwájú mi. Ó fi èdè Ewe dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, “Akpé o, Tíṣà! Ọmọ ọlọ́mọ ru ìtìjú yín dé Atakpamé, ẹ̀yin ń bu òkèlè.”

Nítorí náà ni mo fi kọ lẹ́tà sí ọ nínú oṣù kẹjọ, mo sì sọ ohun gbogbo bí mo ti sọ ọ́ yìí. Èsì rẹ dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, Honoré ni o ní kí ó kọ ọ́. O ń bẹ̀ mí kí n forí ji ọmọ òpònú tí ó dójú tì mí. O ní ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, yóò bá àwọn tí ń lọ sí oko kòkó ní ilẹ̀ Gold Coast lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa ohun tí mo jẹ́wọ́. Ìgbà náà ni ó yé mi pé nígbà tí ó ń ka lẹ́tà mi sí ọ létí, ó fo gbogbo ibi tí ó kàn mí. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òpònú mọ́ ara rẹ̀, kí èmi má baà tẹ́ lójú rẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi yan Innocent. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá a wí: láti orí kẹ̀kẹ́ ni ó ti ń ju “bonjour” sí àgbà, kò sì sí ohun tí ó gbọ́ tí kì í sọ. Nígbà tí mo kìlọ̀ fún un pé kí ó má fo ọ̀rọ̀ kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀ mí kí n fò ó, mi ò ní fò ó.” Àìlẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni mo sá di lónìí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo lọ bá Fáda àgbà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò tún gbọ́ Honoré ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ṣùgbọ́n kí èmi má wá síbẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Má jẹ́ kí ó lọ sí oko kòkó. Kí ó bá Innocent padà wá ní Ọjọ́bọ̀. N óò wà ní ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo jẹ, orí ọmọ rẹ ni mo gbé igbá lé. A kò kọ́ mi láti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tí mo lè bí. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, Thérèse. Mo sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Honoré, ní etí ìyá rẹ̀.

Bá mi kí ìyá àgbà, sì bá mi kí gbogbo ará ilé. Ó tó àkókò kí Honoré gba ìwé náà lọ́wọ́ Innocent wàyí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà sí ìsàlẹ̀ orúkọ mi, láìwo ìwé kankan. Kí ó fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi tí mo bá ti ṣì í, kí ó mú un bọ̀ wá fún mi. Ní ìdúró ni n óò gbà á, ọwọ́ méjèèjì ni n óò sì fi gbà á.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
                                        Yésúfù Àkànjí.

Dicam, dices, dicet,
dicemus, dicetis, dicent.