Ìlà Ìwọ̀n Ọmọ Àbúrò Mi

                                        Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Gbẹ́nàgbẹ́nà Aláriwo,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì fi ìṣó rẹ ṣeré tán? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò tíì wálẹ̀. Háà, ọ̀rẹ́ mi, ojú mi rí nǹkan lánàá!

O mọ̀ pé àwa la ṣe ètò tí ilé ìwòsàn ọmọdé fi ń wo ìwọ̀n àwọn ọmọ lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń sanra. Bó bá ń wálẹ̀, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe. Kì í ṣe fọ́tò o. Kọ̀ǹpútà ló ń fa ìlà náà fúnra rẹ̀; bí o fẹ̀ ẹ́ tó ògiri, kò ní ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tí a ti ṣe sílẹ̀ níbi iṣẹ́, bọ́tìnì àti àpótí ọ̀rọ̀, wọn ò mọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yà. Ni mo bá fi àdápítà kan sáàárín, bí èyí tí o fi ń ki ṣája ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bọ ihò iná oníméjì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkè ni kọ̀ǹpútà ti ń ka gíga wá sísàlẹ̀, àfi kí èèyàn dorí ìlà kodò kó tó tọ́. Mo dorí rẹ̀ kodò. Mi ò mọ̀ pé àdápítà náà ti bá mi ṣe é, ni ìlà bá tún padà sí òdì! Ọmọ àròsọ tí mo sì fi dán an wò, ìwọ̀n kan náà ni mo kọ fún un lóṣooṣù. Ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ; bí o dorí rẹ̀ kodò, bákan náà ló máa rí. Ìwà ọ̀lẹ mi lásán!

Lánàá, mo yà sí ilé ìwòsàn náà, mo bá àbúrò mi obìnrin níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá mi, ẹ wò ó, ọmọ mi ń gòkè!” Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ò wúwo ju aṣọ tó wọ̀ lọ! Mo ké sí nọ́ọ̀sì, torí ìlà nìkan ni wọ́n ń wò láti ọjọ́ yìí. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó wo nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá, ló bá sáré pe dókítà. Wọ́n dá ìyá àti ọmọ dúró síbẹ̀. Èmi náà jókòó tún ètò náà ṣe lójú ẹsẹ̀. Orí ló kó mi yọ: dókítà ní a tètè dé, ọmọ sì ti ń mu wàrà.

Mo wá bi àbúrò mi pé ṣé kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ọmọ ti fúyẹ́ ni. Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n, bọ̀dá mi. Mo kàn ní ẹ̀yin lẹ ṣe é, kò lè parọ́ fún mi.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Jọ̀ọ́, gbé àbíkẹ́yìn rẹ lónìí, kí o fọwọ́ ara rẹ wọ̀n ọ́n wò.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu ṣì ń yà,
Bàbá Kọ̀ǹpútà.