Ibi Tó Sán Ló Wà Lókè

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sokodé níbí. Mo kí bàbá wa lórí àga wọn, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Múnírù àbúrò mi tó ń ka ìwé yìí fún yín. Múnírù, má kà á nínú yàrá o. Gbé ìjókòó sí ìta, kí o kà á sókè kí àwọn aládùúgbò gbọ́. Ìta ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, ìta náà ni kí wọ́n ti gbọ́ èsì.

Ìyá mi, awakọ̀ Tchamba gbé rédíò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín padà wá. Ó ní ẹnìkan tó ti ìhín bọ̀ ló sọ fún yín pé ọjà mi ti pọ́ọ́kú jù, pé bí kì í bá ṣe ọjà olè, á jẹ́ òkú ọjà tí mo kùn lọ́dà. Ó ní ẹ̀yin náà ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe ẹni tó ni rédíò náà kó tó dọ́wọ́ mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ ní ẹ ò ní dárúkọ mi mọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbá, títí ẹ ó fi mọ òdodo. Mo bínú, ìyá mi. Ẹ má bínú pé mo bínú. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, àdúrà yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Bí mo bá ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo máa ń sọ nínú ara mi pé wọ́n ti dárúkọ mi nílé ní Kambolé. Ní báyìí mo kàn ń ṣí i ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ní èbúté Lomé, wọ́n máa ń já ẹ̀rọ láti inú ọkọ̀ òkun: fáànù, rédíò, àti ẹ̀rọ amómitutù tí à ń pè ní fírígò. Àwọn kan á ṣubú, ara wọn á tẹ̀, páálí wọn á ya. Inú wọn ò ní àrùn kankan, ṣùgbọ́n olówó ò fẹ́ ohun tó lápàá. Irú wọn ni mò ń rà, tí mò ń kó wá sí Komah, àdúgbò mi ní Sokodé níbí, tí mo sì ń tà ní ẹ̀dínwó fún àwọn tó jẹ́ pé owó iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń ná. Kò sọ mí di olówó, àmọ́ owó tó mọ́ ni.

Ibi tí ara wọn ti tẹ̀ gan-an ni mo máa ń kọ sí títì. Alhaji onílé mi, ọmọ Tem tó ni ilẹ̀ ìlú yìí ni, wò mí títí, ó bi mí bóyá orí mi pé. Ó ní kí n yí àpá yẹn sí ògiri bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Mo ní ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti ọjà Tchamba fún un, bí ẹ ṣe máa ń to iṣu, tí ẹ ó wá gbé èyí tí ọkọ́ ṣá lé orí gbogbo rẹ̀. Mo máa ń sunkún nígbà yẹn pé ẹ ń lé oníbàárà. Ẹ ní àlejò ni wá, pé láti ìhà Dàhòmì ni bàbá bàbá mi ti ru ẹrù wá; bí onílé bá ta iṣu jíjẹrà, wọ́n á ní ó ṣèèṣì ni, àmọ́ bí àlejò bá tà á, wọ́n á ní olè ni. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó padà wá ra fírígò kan. Mo fẹ́ yí i kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹni tó ti fi ibi tí kò dáa han òun, kí ló tún fẹ́ fi pamọ́?

Ìlú yìí dára, ṣùgbọ́n àlejò náà ni mo tún jẹ́ níbí. Tem ni mò ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́, Faransé díẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọyẹ́ ń da eruku sórí ọjà, bí mo bá ń nù ún, màá máa bá a sọ Yorùbá. Mo ti kí fáànù kú àárọ̀ rí. Múnírù, má rẹ́rìn-ín.

Ohun tó mú mi gbé bírò nìyí. Nígbà tí awakọ̀ gbé rédíò sílẹ̀, ó gbé àpò iṣu kan tì í, ó ní ẹ̀yin lẹ fi rán òun. Inú ń bí mi, mo ní mi ò ní tú u. Ebi ló bá mi tú u. Iṣu tí ọkọ́ ṣá ló wà lókè pátápátá. Ìyá mi, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àpò yẹn, mo sunkún. Ẹ ń bínú sí mi, síbẹ̀ ẹ ò fi egbò iṣu pamọ́ fún mi. Òun ni mo kọ́kọ́ sè, ó sì dùn.

Mo ti dá rédíò náà padà fún awakọ̀ kó tún gbé e wá fún yín. Ibi tó sán lára rẹ̀ ló wà lókè, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó kan ibòmíràn. Bátìrì wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀, ó máa ń kọ orin ìyìn ìjọba tí gbogbo wa mọ̀ yẹn pẹ́ kó tó sọ ìròyìn. Ẹ pa ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kí ẹ máa fa tẹ̀súbà yín lọ. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí à ń retí oṣù, ẹ yí i sókè. Wọ́n á kéde oṣù ààwẹ̀ ní Tem, ẹ sì gbọ́ Tem ọjà dáadáa. Èmi náà á wà nídìí rédíò ní Komah, a ó jọ gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká fi ayọ̀ rí oṣù náà. Kó ṣọ́ bàbá wa, kó jẹ́ kí iṣu ta dáadáa lóko. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí ẹni tó ròyìn mi náà, ẹ ní kó wá ra fáànù. Bí ilẹ̀ ààwẹ̀ àkọ́kọ́ bá sì mọ́, tí ẹ kírun tán, tí ọwọ́ yín ṣì wà lókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ mi.

Sàlámátù ni.

Ọmọ yín ni.