Fọ́tò Tí Màmá Yìn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, ẹsẹ̀ ọkọ mi tó wú náà sì ti ń lọ sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sílẹ̀ ti darúgbó. Linux, ètò tó ń darí rẹ̀ tí ẹ gbé sí i, ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bíráúsà tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ wúwo jù fún un. Tí mo bá ti ṣí i, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ni mo bá gbìyànjú bíráúsà kékeré kan, èyí táwọn tó ṣe é fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Kíá ló ṣí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé jáde, kì í gbé àwòrán.

Mo pe Màmá pé kí wọ́n wá wo fọ́tò yín tuntun. Àlàfo funfun ló wà níbi tó yẹ kí ojú yín wà. Kí n tó lanu, Màmá ti sún mọ́ ọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ti sanra o! Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀!"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ò ríran mọ́. Wọ́n kàn ń yin àwọn fọ́tò tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kí ọkàn yín má bàa dàrú lókèèrè ni.

Mo ní, "Ó sanra lóòótọ́, Màmá." Màá fọgbọ́n mú wọn lọ rí dókítà ojú.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ránṣẹ́ báyìí: bí irun yín ṣe ń funfun, eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Màá máa kà á fún wọn. Kí Ọlọ́run tètè mú yín wálé, kí Màmá lè fọwọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn.

Èmi àbúrò yín, aránṣọ