Má Ṣíná Mọ́tò Láìjẹ́ Pé Màmá Mọ̀

Philip àbúrò mi, má tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ka èyí tán ná.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mọ́tò gbá Màmá láàárọ̀ yìí. Mo ń fi ẹ̀yìn jáde, wọ́n sì ń sá aṣọ lọ́nà géètì. O mọ̀ pé ojú wọn ò ríran mọ́, etí ni wọ́n fi ń yà fún mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa ń wúkọ́ débi pé gbogbo Pópó Àgùdà ló ń gbọ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí mo fọwọ́ ara mi gbé sí i yìí, tí fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ yí àsìkò tó ń ṣí padà, kì í dún rárá. Ìyẹn náà ni mo sì fi ń yangàn fún yín láti Sátidé.

Ìró pupa wọn ni mo rí nínú díńgí tí mo fi tẹ bíréèkì. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ní, "Gloria, níbo lo gbé ohùn mọ́tò bàbá yín sí?"

Mo paná mọ́tò, mo sì mú wọn kúrò lọ́nà.

Mo ti lọ sí ọjà Ìdúmọ̀tà lọ wá aláàmù tó ń ké bí mọ́tò bá ń lọ sẹ́yìn. Màmá ní kí n ra èyí tó ń wúkọ́. Kí n tó dé, tó o bá fẹ́ jáde, mú wọn jókòó sórí àga kó o tó ṣíná. Tó o bá ń wọlé, fèrè nìkan ò tó, gbogbo àdúgbò ló ń fun ún. Sọ̀kalẹ̀ ní géètì, kó o wúkọ́ bíi ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé o ti dé.