Ajá Yín Kò Ṣọ̀fọ̀, Àìsàn Ló Ń Ṣe É

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín tó bó ṣe yẹ. Ọkàn mi kò sí nílé. Sùúrù, ajá yín, ń kú lọ lójú mi.

Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé ó ya ẹhànnà láti kékeré, ẹ ní kí orúkọ rò ó. Nígbà tí a sin yín sínú yàrá yín, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń bẹ̀ wá pé ká ṣe sùúrù, ajá á sì dìde fùú, á máa ju ìrù, á máa wojú wọn. Omijé wà lójú mi, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ìbá dùn mọ́ yín nínú.

Lẹ́yìn náà ló lọ dùbúlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ojú oórì yín, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo bu iṣu fún un nínú abọ́ yín, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú. Gbogbo ilé ní ó ń ṣọ̀fọ̀ yín ni. Àwọn ará ìlú Ofè tó wá kí wa fi fóònù pọ́tábù wọn ya fọ́tò rẹ̀. Èmi náà ń fi í yangàn, Bàbá, pé ajá mọ olówó rẹ̀ ju ọmọ ènìyàn lọ.

Ọ̀fọ̀ kọ́, yéè! Ara rẹ̀ ló ń gbóná tó fi ń wá ibi tútù. Láàárọ̀ àná ni mo rí i tó ń tọ̀ sẹ́bàá ògiri, ìtọ̀ náà pọ́n bí omi pòròpórò ọkà bàbà. Mo kígbe. Mo gbé e mọ́ra lórí ọ̀kadà zémì, a sáré lọ bá dókítà ẹran. Dókítà ká ètè rẹ̀ sókè: èrìgì rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀fun. Ó tú irun etí rẹ̀, eégbọn kún ibẹ̀ pitimu. Eégbọn ló kó àìsàn sí i lẹ́jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ló sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó bi mí ìgbà tí ajá ti ń kọ oúnjẹ, mo ní a rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ó ní bí ajá kò bá jẹun, ká má ṣe bá a wá ìdí, ká wo èrìgì rẹ̀, ká sì gbé e wá kíákíá.

Ẹ̀yin lẹ máa ń já eégbọn lára rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń jù wọ́n sínú ẹyín iná, tí wọ́n ń ta pàù. Mo rò pé eré lẹ ń ṣe ni. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi? Ta ni kí n wá bi báyìí?

Ẹsẹ̀ mi ni Sùúrù sùn sí bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mò ń fi ṣíbí ro omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, omi náà ń dà jáde. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí, etí rẹ̀ kò mira. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ ń pè é. Díẹ̀ ló kù kí n bá a jà. N kò sunkún báyìí nígbà tí a sin yín, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Òun ló kù tó mọ ìró ẹsẹ̀ yín.

Bàbá, láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, kò sí ohun tó wù mí gbọ́ bí ohùn yín. Mo máa ń dúró lẹ́nu yàrá yín, mo máa ń tẹ́tí sílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ òótọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń pè é, mo fi ìyá tó bí yín bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.