Aláàárù Tí Ibà Kọ́kọ́ Pa

Galadimawa, Sátidé, oṣù kẹwàá 2005

Bàbá Ṣadé, mo wo fíìmù tí ẹ bá wọn ṣe nínú igbó Kwali lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún un. Ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni: òjò ṣáá, ẹ̀fọn ṣáá, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni aláàárù tí ibà kọ́kọ́ pa.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ yín sílẹ̀ báyìí, Ìyá Sódíìqì ará ilé wa ti kúnlẹ̀ síwájú mi. “Ẹ kú ara fẹ́ra kù o.”

Mo ní, “Ṣebí ẹ ti kí mi lọ́dún tó kọjá?”

“Ìyẹn tọdún tó kọjá. Òkú tuntun nìyí.”

Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí yín. Ni ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì!

Ìyá Sódíìqì pariwo, “Kai! Òkú ń họra!”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣebí ẹ sọ fún mi pé ìjàlọ ò jẹ́ kí ẹ kú dáadáa. Mo ní kí Ìyá Sódíìqì dá fíìmù náà padà sẹ́yìn. Ẹ tún họ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ yín sí pálọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo tẹjú mọ́ títí.

Kí Ọlọ́run bù kún ẹni tí kò gé ibi tí ẹ ti họra kúrò nínú fíìmù náà.