Ọ̀rọ̀ Ẹni Méjì àti Kúlà Bàbá Wàsíù

Sọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́

Tí mo bá sọ èyí fún èèyàn, á ní irọ́ ni mò ń pa. Ìwé ni mo máa sọ ọ́ fún.

Lónìí nílé-kéú àwa ìyá, Áfà ní Lárúbáwá kì í da ẹni méjì pọ̀ mọ́ èrò. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ẹni méjì ní tiẹ̀, ó di orí ẹni mẹ́ta kó tó di ọ̀pọ̀. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. "Àwọn" ni gbogbo wọn, wọn ì báà jẹ́ méjì, wọn ì báà kún mọ́tò. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Mo délé, mo bá àwọn obìnrin ilé wa nídìí ẹ̀rọ omi. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹni méjì yẹn, èmi àti Bàbá Wàsíù gan-an ni. Mo ní tó bá ń lọ síṣẹ́ òru ní Ìlúpéjú, odidi kúlà oúnjẹ ni mò ń dì fún un, á jẹ ẹ́ tán, á sì fọ kúlà kó tó gbé e wálé. Ọkọ ta ló ń fọ kúlà ní Múṣín?

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kẹ́ẹ̀gì Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti kún, omi ń dà sílẹ̀, kò tiẹ̀ pa ẹ̀rọ.

Bàbá Wàsíù, ọkùnrin tí kì í ṣan ife tó fi mumi nílé...

Kúlà náà ló wà níwájú mi báyìí. Ó máa tó wá gbé e, mi ò sì tíì bu nǹkan kan sí i.

Ìyá Síkírá, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa, ló dá mi lóhùn nídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan: "Ìyá Wàsíù, ẹ ní kí Áfà kọ́ yín ní ti ẹni mẹ́ta. Ta lẹ rò pé ó ń fọ kúlà yẹn?"